Dẹ́máṣọ̀ tó bá wa wá ilé lẹ́yìn Àjàṣẹ́: mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti pẹ́ tí mo ti ní mo máa kọ eléyìí, aṣọ ọdún ni ò jẹ́ kí ọwọ́ mi dilẹ̀. Ó ti tó èèyàn mẹ́fà tó ti bi mí pé ta ló bá wa rí ilé tí a wà yìí, pé ṣé owó tó gbà tọ́ sí i, àwọn míì tiẹ̀ ń pè mí lóru, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ gbogbo ẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan kí n lè rójú ránṣọ.

Ẹ̀yin ará Nàìjíríà tẹ́ ẹ máa ka èyí, ẹni tí ẹ̀ ń pè ní éjẹ́ńtì ni àwa ń pè ní dẹ́máṣọ̀ níbí ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin. Ọ̀rọ̀ Faransé ni. Iṣẹ́ kan náà ni, wàhálà kan náà, irọ́ wọn náà sì jọra (kì í ṣe gbogbo wọn o). Ẹ máa kọ́kọ́ san owó ìwòlé kó tó mú yín lọ sílé kankan, tí ẹ bá wá gba ilé, ẹ ó fún un ní owó ilé oṣù kan, ìyẹn yàtọ̀ sí ti onílé.

Ilé ẹbí ọkọ mi ní Oganla, nínú Àjàṣẹ́, la wà tẹ́lẹ̀. Yàrá kan ni tiwa, èmi, ọkọ mi, ọmọ méjì àti máṣíìnì méjì. A ń gbé e bẹ́ẹ̀ títí àbúrò ọkọ mi fi gbéyàwó, ni ìyá wa bá ní kí n gbé máṣíìnì bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ìyàwó tuntun lè rí ibi kó ẹrù sí. Mo gbé e bọ́ síta, mi ò jiyàn. Ọ̀sẹ̀ kejì, òjò tó rọ̀ lóru gba abẹ́ páànù wọlé sórí léèsì oníbàárà, aṣọ ìyàwó, ọjọ́ Sátidé ni wọ́n fẹ́ wọ̀ ọ́! Ẹ má bi mí bí mo ṣe ṣe é. Ọjọ́ yẹn ni mo sọ fún ọkọ mi pé tó bá jẹ́ inú igbó ni, ká lọ.

Akpakpa ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ní Kútọnu, òun náà wá ní ṣebí ká kúkú kó lọ síbẹ̀, kó yéé jí ní aago mẹ́rin àbọ̀. Bí a ṣe bọ́ sọ́wọ́ dẹ́máṣọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. 2,000 séfà ló ń gbà kó tó ṣí ẹnu ọ̀nà kan. Ilé kìíní, yàrá kan àti pálọ̀, 45,000 lóṣù, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níta tí agboolé mẹ́rin jọ ń lò ó. Ilé kejì, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ó tún gba 2,000 fún ìkẹta, ó mú wa gba kọ̀rọ̀ kan, a yí lọ a yí bọ̀, a gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé kan báyìí, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín. Èmi kàn ń wo kọ́tìnnì ojú fèrèsé. Kọ́tìnnì aláwọ̀ ọsàn kan ni, ẹni tó rán an ò mọ iṣẹ́, gbogbo etí ẹ̀ ló wọ́, mo ti wò ó ní ilé kìíní tó ń dùn mí lójú. Ilé kan náà ni! Ó kàn mú wa gba ẹ̀yìn wọlé ni, ó ní 50,000. Ọkọ mi fẹ́ bá a jà, mo ní ká máa lọ. 6,000 lọ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí mo wá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ gan-an, àgbàlagbà ni, Alàgbà ni gbogbo èèyàn ń pè é, ọ̀nà Ouando ní Àjàṣẹ́ níbí ló máa ń jókòó sí, nídìí àpótí kan tó ti ń fi owó ránṣẹ́ fáwọn èèyàn lórí fóònù. Oníbàárà mi kan ló júwe ẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ràn ni pé kò bi wá pé èló la ní lọ́wọ́. Ó ní, “Ìyáwó, aago mélòó ni ọkọ ẹ ń jáde nílé? Ìwọ ńkọ́, ibo làwọn tó ń gbé aṣọ wá fún ẹ ń gbé?” Mo ní Àjàṣẹ́ níbí ni. Ó wo ọkọ mi, ó ní kí ló wá gbé yín dé Kútọnu láti lọ wálé. “Òkun ń bẹ níwájú Kútọnu, ọ̀sà ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀, ọ̀sà tún la àárín ẹ̀ já. Ibo lẹ fẹ́ kí wọ́n gbé ilé sí?”

Mo rò pé ó kàn fẹ́ ká gba ilé lágbègbè ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ ni, ẹ mọ̀ pé alágbàtà ò ní sọ pé ọjà ẹlòmíì dáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé tí a rò ó, àbúrò ọkọ mi (ọkọ ìyàwó tó lé mi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn náà, jọ́gíráfì ló kà ní yunifásítì ní Calavi) ní òótọ́ ni bàbá yẹn ń sọ o, ó mú ìwé ìkànìyàn jáde. Ẹ wò ó. Ní 2002, èèyàn 665,100 ni wọ́n kà ní Kútọnu. Wọ́n tún kà ní 2013, ó jẹ́ 679,012. Ọdún mọ́kànlá gbáko, èèyàn tó lé níbẹ̀ ò pé 14,000! Mo ní irọ́ ni, Kútọnu tí èèyàn ò lè rìn ní ọjà Dantokpa láìjẹ́ pé wọ́n tẹ̀ ọ́ mọ́lẹ̀? Ó ní àwọn tí mò ń rí ní Dantokpa kì í sùn síbẹ̀ ni. Ó ní kí n wo Abomey-Calavi tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀: 307,745 ní 2002, 656,358 ní 2013. Ó ju ìlọ́po méjì lọ. Ní 1992, Calavi yìí kan náà, 126,507 péré ni. Sèmè-Podji tó wà láàárín àwa àti Kútọnu náà, láti 115,238 ó di 222,701 láàárín ọdún mọ́kànlá yẹn.

Kì í sì í ṣe pé Kútọnu ò dàgbà rí. 320,348 ni wọ́n kà níbẹ̀ ní 1979, ó ti di 536,827 ní 1992. Ó dàgbà títí ilẹ̀ fi tán ni. Lójú tèmi tí mò ń ránṣọ, bí ìgbà téèyàn sanra sínú aṣọ ni, tí wọn ò fi àyè sílẹ̀ lójú rírán, o tú ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, o tú tòsì, kò wá sí ibi tí wàá tú mọ́, ara á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tó máa gbà yọ. Calavi lara gbà yọ. Sèmè náà.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé Àjàṣẹ́ wa náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa là ń jẹ́ olú ìlú o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kútọnu ni ìjọba jókòó sí, ṣùgbọ́n láàárín 2002 sí 2013, 223,552 ló di 264,320, iye tó fi lé ò tó ìdá kan nínú márùn-ún. Ẹ wá wo àwọn tó yí wa ká. Adjarra, 60,112 sí 97,424. Avrankou, 80,402 sí 128,050. Akpro-Missérété, 72,652 sí 127,249, ìyẹn fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lé ara ẹ̀. Gbogbo Ouémé, ẹkùn tí a wà, lápapọ̀ ti 730,772 dé 1,100,404. Ìlú ọmọ ìyá mi, Kétu, náà pọ̀ sí i, 100,499 sí 157,352, ṣùgbọ́n ti Kétu yàtọ̀, oko ṣì pọ̀ níbẹ̀, èèyàn ò lọ sùn sí Kétu torí pé Kútọnu kún.

Ó yẹ kí n padà sórí ilé.

Alàgbà mú wa wo ilé mẹ́rin. 1,000 ló ń gbà fún ìwòlé kan, ó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé pé tí a bá gba ilé, òun á yọ ọ́ kúrò nínú owó tòun. (Ó yọ ọ́ lóòótọ́.) Ọkọ mi ló ní kó mú wa dé Sèmè, torí ibẹ̀ sún mọ́ Akpakpa, kò wu bàbá náà, ó ṣáà mú wa lọ. Ilé dáa! Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún, táìsì wà nílẹ̀, 25,000. Èmi ti ń fojú wọn ibi tí máṣíìnì máa wà. Alàgbà ò sọ nǹkan kan, ó kàn mú wa lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí ọ̀dà ò dé, ó ní, “Ìyáwó, kí lo rí lára ògiri yìí?” Ìlà kan ni, aláwọ̀ ilẹ̀, ó gùn dé orúnkún mi. Ó ní omi ló fà á. Ó ní ní gbogbo ìgbà òjò ni àwọn tó wà níbẹ̀ máa ń to búlọ́ọ̀kù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó, 25,000 ni ì bá bọ́ sí i lápò lọ́jọ́ yẹn, tó bá dákẹ́. Èmi ti fẹ́ sanwó o! Ibi tó ti mú máàkì lọ́wọ́ mi nìyẹn, kò sí ohun tó ṣe lẹ́yìn ìgbà yẹn tó máa mú kí n gbàgbé ẹ̀.

Tokpota, ilé dáa, 35,000, ó ju apá wa lọ. Adjarra, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, atẹ́gùn wà, àmọ́ inú ilé yẹn ni onílé ń gbé, aago mẹ́wàá alẹ́ ó ti ti géètì, kò sì ní ṣí i fún ọba. Ọkọ mi máa ń pẹ́ nígbà míì. Ó ku Akpro-Missérété.

Kí a tó lọ síbẹ̀, ó jókòó, ó mú báírò, ó kọ ọ́ sẹ́yìn páálí. Ó ní lílọ bíbọ̀ ọkọ mi láti ibẹ̀ dé Akpakpa ò ní dín ní 1,200 lóòjọ́. Ọjọ́ 24 lóṣù, 28,800. Ilé Missérété 22,000, ilé Kútọnu tí wọ́n fi hàn wá 45,000, èrè tó wà láàárín ẹ̀ jẹ́ 23,000. “Ṣé ẹ rí i pé mọ́tò á jẹ èrè yẹn, á tún jẹ kọjá?” Dẹ́máṣọ̀ tó ń ta ilé ló ń ṣe irú ìṣirò yìí fún wa o! Ọkọ mi ní kí la wá ń wá níbẹ̀ nígbà náà. Ó ní iye tí ìyàwó ẹ ń pa lóṣù ńkọ́, tó bá kó lọ sí Kútọnu, ọdún mélòó ni kó tó rí oníbàárà míì? Ọkọ mi dákẹ́. Èmi náà dákẹ́, ṣùgbọ́n inú mi dùn, torí láti ìgbà tí a ti ń sọ̀rọ̀ ilé yìí, kò tíì sẹ́ni tó ka iṣẹ́ tèmi mọ́ ìṣirò.

Ilé tí a gbà nìyẹn. Yàrá kan àti pálọ̀, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú, míta iná jẹ́ tiwa nìkan, ìyẹn ṣe pàtàkì, ẹ má gba ilé tí ẹ̀yin àti èèyàn márùn-ún jọ ń lo míta kan, ìjà oṣooṣù ni. Kànga wà nínú ọgbà. Onílé kọ́kọ́ ní ká san oṣù mẹ́fà sílẹ̀. Alàgbà ló dá a lóhùn, ó ní òfin tí wọ́n ṣe ní 2018 lórí ilé yíyá ò gbà ju oṣù mẹ́ta lọ, ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ báyìí, kò pariwo, onílé fajú ro díẹ̀, ó gbà. Owó tí a san: 66,000 fún oṣù mẹ́ta, 30,000 fún iná àti omi, 22,000 ti Alàgbà, 118,000 lápapọ̀, nínú èyí tí a ti san 4,000 tẹ́lẹ̀.

Ó yá, àwọn àléébù ẹ̀.

Àkọ́kọ́, “ìṣẹ́jú mẹ́wàá” ni gbogbo ibi fún bàbá yìí. Láti títì dé ilé wa, ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹsẹ̀ ta ni? Tí mo bá pọn ọmọ, ó ń lọ sí ìdajì wákàtí, tí òjò bá sì rọ̀, sẹ́míjàn (ọ̀kadà akérò) ò ní wọ inú ẹrẹ̀ yẹn àfi tí ẹ bá fi owó kún owó. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló mú wa wá wò ó, tó fi ìlà omi hàn wá ní Sèmè, kò fi ẹrẹ̀ tibí hàn wá.

Èkejì, kò sọ fún wa pé ẹ̀rọ ìlọ̀gbàdo wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì. Aago márùn-ún ìdájí, ó ti ń ké. Mo pè é, mo ní Alàgbà, ẹ ò sọ ti ẹ̀rọ. Ó ní, “Ṣé máṣíìnì tìẹ kì í ké ni?” Mo bínú, mo tún rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀kẹta, kì í fẹ́ kọ rìsíìtì. Ó ní ìwé tí òun kọ nǹkan sí ti tó. Mi ò gbà, mo dúró tì í títí ó fi kọ ọ́ tó sì fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin náà ẹ dúró tì í.

A ti lé lọ́dún kan níbẹ̀ báyìí, mo sì fẹ́ sọ èyí torí àwọn tó ń bi mí pé ṣé ibẹ̀ ò dá. Nígbà tí a dé, tí iná bá tàn lálẹ́, ilé mọ́kànlá ni mò ń kà láti ẹnu ọ̀nà mi, mo máa ń kà wọ́n tí mo bá ń dúró de ọkọ mi. Mi ò kà á mọ́. Oko ẹ̀gẹ́ tó wà lápá òsì, wọ́n ti fi èèkàn pín in, búlọ́ọ̀kù ti wà nílẹ̀, ẹni tó ni oko ẹ̀gẹ́ yẹn ló wá ń ta omi fún àwọn bíríkìlà. Àwọn tó ń kó dé, púpọ̀ wọn wá láti inú Àjàṣẹ́ bíi tiwa, àwọn kan ti Kútọnu wá, ẹnì kan tiẹ̀ wà tó ti Calavi wá, ó ní ibẹ̀ náà ti di Kútọnu. Ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mi ò fẹ̀ sí i o, ọmọ mẹ́ta ló ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì ọmọ méjì. Onílé sì ti ń yọ́ ọ sọ pé iye àwọn tó ń béèrè ilé pọ̀, pé 25,000 ni wọ́n ń gbà lójúlé kejì. Mo ní kó lọ bá Alàgbà sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n mi ò lè purọ́, àwọn tó ń kó wá yìí ló ń bọ́ mi. Ẹni tó bá kó dé ilé tuntun, kò tíì ra àga, kò tíì ra fáànù, kọ́tìnnì ló kọ́kọ́ ń wá, torí ojú àwọn aládùúgbò. Lọ́dún tó kọjá, kọ́tìnnì tí mo rán ju bùbá lọ. Mo ti ra máṣíìnì kẹta. Etí kọ́tìnnì tèmi kì í wọ́, ẹni tó bá fẹ́ kó wá wò ó.

Ọkọ mi ṣì ń jí ní aago mẹ́rin àbọ̀. Ìyẹn ò yí padà. Mọ́tò kún ju tàtijọ́ lọ, tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá kí wọ́n tó dé oríta Sèmè, ọkọ̀ á ti tò, láti Ekpè wọ Akpakpa ni kí ẹ máa ka tẹ̀sùbáà. Ó ní òun á ra ọ̀kadà. A ó máa wò ó.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún Alàgbà. Ọ̀kan tó kù, ẹ̀rọ ìlọ̀gbàdo ló gbé e lọ. Tí ẹ bá fẹ́ lọ bá a, ẹ lọ láàárọ̀, ẹ gbé báírò tiyín dání nítorí rìsíìtì, ẹ sì ní kó mú yín padà lọ wo ilé yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ má lọ lọ́jọ́ ọjà Adjarra, kì í sí níbẹ̀. Ẹ lè sọ fún un pé ìyáwó oníkọ́tìnnì ló ní kẹ́ ẹ wá. Kò ní torí ẹ̀ dín owó fún yín o.